Ohùn Tata Nínú Kíláàsì Wa

Alafiarou

Tata mi Waliath, àǹtí mi ọ̀wọ́n ní Libreville,

Ẹ foríjì mí pé èmi ọmọ yín gbójúgbóyà kọ̀wé sí yín. Mo kí yín, mo kí tonton, ọkọ yín, àti àwọn àbúrò mi. Ara bàbá mi ti yá, ẹsẹ̀ nìkan ló ṣì ń dùn ún. Ìyá mi ń ṣa kajú. Èmi nìkan ni mo wà níbí, tó jìnnà sílé, tí mo ń kọ́ iṣẹ́ tíṣà, ọdún àkọ́kọ́ mi nìyí.

Tata, mo ṣe ohun kan láìgba àṣẹ yín. Wọ́n kọ́ wa láti máa fi diapo kọ́ ọmọ, àwọn àwòrán tí kọ̀ǹpútà ń gbé sára ògiri, tí ọmọ lè tẹ̀ kó sì fọhùn. Ohùn tèmi máa ń gbọ̀n. Mo bá so ohùn yín tí ẹ fi ránṣẹ́ sórí fóònù mi mọ́ àwòrán iṣu. Nígbà tí Chadia, ọmọ kíláàsì mi, tẹ iṣu náà, ẹ bi í pé: "Ṣé o ti jẹun?"

Gbogbo kíláàsì pariwo: "Rárá o, tata!"

Chadia ní: "Ẹ má wulẹ̀ béèrè, tata, ẹ bù ú wá!"

Lóṣù tó ń bọ̀, ọ̀gá kan máa wá wo bí mo ṣe ń kọ́ wọn. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé kí n fi ohùn yín sílẹ̀? Bí mo bá yọ ọ́, n kò mọ̀ bóyá àwọn ọmọ á dá tèmi lóhùn.

Kí Ọlọ́hun mú yín wálé láyọ̀. Ẹ má ka ìwé yìí sí ìyá mi létí lórí fóònù o. Ó rò pé ibí ti mọ́ mi lára. Kó má gbọ́ pé bí àwọn ọmọ bá ti lọ tán, èmi náà máa ń tẹ iṣu yẹn, kí ẹnìkan lè bi mí bóyá mo ti jẹun.

Ọmọ yín,
Adjara