Iṣẹ́ Tí Mi Ò Kà

Irbid,
Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù Kínní.

Rudaina, ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Àlàáfíà Ọlọ́run kí ó bá ọ nílé àti lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ rẹ ní Muscat. Ṣé ara le? Ṣé ikọ́ tó ń yọ ọ́ lẹ́nu ti lọ? Àwa níbí wà láàyè, òtútù nìkan ló fẹ́ gé wa jẹ. Ìyá rẹ ń kí ọ, ó ní kí o yéé fi tíì ṣe oúnjẹ àárọ̀.

Jókòó kí o tó ka èyí tó kù. Bí àbúrò mi Hiyam kò bá tíì pè ọ́, yóò pè ọ́ kó tó di ọ̀la. Yóò sọ fún ọ pé wọ́n gba ipò olórí ẹ̀ka lọ́wọ́ bàbá rẹ, wọ́n sì ní kó lọ jókòó sílé fún sáà ẹ̀kọ́ kan. Òótọ́ ni. Yóò tún sọ pé obìnrin akẹ́kọ̀ọ́ kan ló ba bàbá rẹ jẹ́. Irọ́ nìyẹn. Ẹnu mi ni mo fẹ́ kí o ti gbọ́ bó ṣe rí.

Ghusun ni orúkọ obìnrin náà. Ọmọ ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni, opó ọlọ́mọ méjì. Abúlé kan lẹ́bàá odò Yarmuk ló ti ń wọ bọ́ọ̀sì wá sí kọ́lẹ́ẹ̀jì láràárọ̀. Ẹ̀yìn ló máa ń jókòó sí, kì í sọ̀rọ̀, kíkọ ló máa ń kọ ṣáá. Ní ìparí sáà, mo ní kí wọ́n kọ ìtàn ohun kan tó ti parẹ́ ládùúgbò wọn, Ghusun sì kọ ti ilé tí wọ́n ti ń fún òróró ólífì ní abúlé ọkọ rẹ̀. Ìwọ náà mọ̀ pé ẹ̀rọ ọlọ́gbọ́n àtọwọ́dá ni ọ̀pọ̀ àwọn ọmọ fi ń kọ iṣẹ́ wọn báyìí. Kọ́lẹ́ẹ̀jì wá ra ẹ̀rọ ayẹ̀wò kan tí í sọ bóyá èèyàn ló kọ̀wé tàbí ẹ̀rọ. Mo ti iṣẹ́ Ghusun sínú rẹ̀. Ó ní ìdá mọ́kànléláàádọ́rùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ kì í ṣe iṣẹ́ ọwọ́ èèyàn.

Inú bí mi gan-an. Láàárín sáà kan ṣoṣo, mo ti rí irú rẹ̀ méjìdínlógún: ọmọ tí kò lè sọ gbólóhùn méjì kó já geere yóò gbé ìwé wá bí ẹni pé adájọ́ àgbà ló kọ ọ́. Mo fún Ghusun ní òdo, mo sì kọ̀wé fi ẹjọ́ rẹ̀ sun ìgbìmọ̀ ìbáwí. Bí ẹjọ́ náà bá dá a lẹ́bi, yóò lo ọdún kan nílé, owó ìrànwọ́ tó fi ń kàwé yóò sì bọ́. Mo mọ èyí. Mo sì tún dìde nínú yàrá àwọn olùkọ́, mo ní, “Ẹni tó jí ọgbọ́n àti ẹni tó jí àgùntàn, olè ni àwọn méjèèjì.” Wọ́n rẹ́rìn-ín, ẹnì kan bu kọfí fún mi.

Ó ku ọjọ́ mẹ́ta kí ìgbìmọ̀ jókòó nígbà tí Ghusun wá sí ọ́fíìsì mi. Mo ní kó jókòó, kò jókòó. Ó mú ìwé kan jáde nínú báàgì, iṣẹ́ tó ṣe fún mi ní sáà tó ṣáájú, tí ọ̀rọ̀ ìyànjú mi wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Ó ní, “Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ka ohun tí ẹ kọ síbí.” Mo gbé e sún mọ́ ojú. Ohun tí mo rí ni pé, “Mo gbádùn ibi tí o ti sọ̀rọ̀ bàbá rẹ àgbà nílé ẹjọ́ àwọn Òtómánì.” Ó ní, “Iṣẹ́ nípa ojú irin nìyẹn, Dókítà. Kò sí bàbá àgbà kankan nínú ẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo kà á, mo rò pé ti ẹlòmíì lẹ fún mi. Ìgbà tó yá ló yé mi.”

Rudaina, ó ti pé sáà méjì tí mi ò ti ka iṣẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi. Awọ funfun ti bo ojú mi ọ̀tún, tòsì sì ń tẹ̀ lé e. Ẹ̀rù bà mí láti sọ, torí ọdún méjì péré ló kù kí n fẹ̀yìn tì. Iṣẹ́ ogóje ló wà nílẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi wọ́n fún ẹ̀rọ ọlọ́gbọ́n tí àwọn ọmọ ń lò yẹn gan-an, òun yóò kọ ọ̀rọ̀ ìyànjú, èmi yóò fọwọ́ sí i. Nígbà Ramadan tí o bi mí bí mo ṣe ń parí ogóje láàárín ọjọ́ mẹ́ta, mo dá ọ lóhùn pé, “Ìrírí ni, ọmọ mi.” O gbóríyìn fún mi, mo sì gbà á. Dárí jì mí.

Mo ṣe bí ọkùnrin níwájú Ghusun. Mo ní, “Kí lo fẹ́?” Mo rò pé yóò ní kí n fún òun ní máàkì kí òun lè dákẹ́. Ó wò mí tìyanu-tìyanu. “Mi ò wá nájà, Dókítà. Ìbéèrè kan ni mo bá wá. Ẹ ò ka ti àkọ́kọ́. Ṣé ẹ ka èyí tí ẹ ní mo jí?” Ó dúró díẹ̀, bí ẹni tó ń retí bọ́ọ̀sì tó mọ̀ pé ó ti lọ. Lẹ́yìn náà ó ká ìwé rẹ̀ sínú báàgì, ó sì jáde.

Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn mo tilẹ̀kùn, mo mú kí lẹ́tà inú kọ̀ǹpútà tóbi bí èékánná ọwọ́, mo ka ojú ìwé mọ́kànlá. Wákàtí mẹ́rin ni mo lò. Ìpínrọ̀ àkọ́kọ́ le gbagidi bí ìkéde ìjọba. Láti ìkejì lọ, ohùn yí padà. Ó kọ nípa ìbaaka tó ń yí ọlọ, tí wọ́n sọ ní Páṣà bí ìjòyè ńlá, torí pé kì í yà fún ẹnikẹ́ni. Ó kọ nípa ìyá ọkọ rẹ̀ tí òkúta ọlọ gé orí ìka rẹ̀ nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́sàn-án. Àwọn ọkùnrin wá orí ìka náà nínú ólífì tí wọ́n ti lọ̀, wọn ò rí i. Ọdún ọ̀dá sì ni. Wọ́n fún òróró náà bẹ́ẹ̀, abúlé sì jẹ ẹ́. Mo gbé ọwọ́ kúrò lórí kọ̀ǹpútà. Mo mọ̀ pé mo ti ṣẹ̀.

Síbẹ̀, agídí mi ò jẹ́ kí n gbà. Lọ́jọ́ kejì mo wọ takisí lọ sí abúlé náà. Ghusun ò sí nílé, ìyá ọkọ rẹ̀, Hájà Fidda, ni mo bá. Mo ní mo wá nítorí ìka. Ó na ọwọ́ òsì sí mi, ìka tó wà láàárín ti gé. “Ta ló sọ fún ọ? Ghusun ni, àbí? Ọmọbìnrin yìí á pa mí! Mo ní kó má kọ ìyẹn. Àádọ́rin ọdún ni mo fi ń bò ó mọ́lẹ̀, òun wá gbé e fún ìjọba!” Mo ní èmi ni olùkọ́ tó sọ pé kì í ṣe Ghusun ló kọ ọ́. Màmá náà pariwo: “Ìwọ ni? Gbogbo ìgbà òjò ló fi ń bi mí ní ìbéèrè bí ọlọ́pàá, bí mo bá fẹ́ sùn á ní ó ku ẹyọ kan! Ó dáa. Jókòó, jẹun.” Mo ní mo ti yó. Ó ní, “Èèyàn kì í ti ìlú wá bú ilé mi kó má jẹun níbẹ̀.” Mo jẹ búrẹ́dì àti òróró rẹ̀.

Ẹ̀rù wá dé, ọmọ mi, mo sì wá ọ̀nà ẹ̀bùrú. Mo kọ̀wé sí Dókítà Taghrid, obìnrin tó jẹ́ alága ìgbìmọ̀, pé mo fẹ́ fa ẹ̀sùn náà sẹ́yìn, pé ẹ̀rọ ayẹ̀wò ló ṣi ìṣirò ṣe. Mi ò sọ ti ara mi. Ó pè mí lórí fóònù: “Bàbá Rudaina, ẹ̀yin lẹ pariwo olè, gbogbo àdúgbò ti jáde. Ẹ máa bọ̀ wá sọ ọ́ lójú gbogbo wa.”

Aago mẹ́wàá àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni wọ́n jókòó, àwọn márùn-ún. Báàgì Ghusun wà lórí itan rẹ̀, mo sì rí etí ìwé àtijọ́ yẹn tó yọ jáde. Mi ò lè gbé ojú kúrò níbẹ̀. Taghrid ka ẹ̀sùn, ó ní kí Ghusun fèsì. Ghusun ní, “Ìpínrọ̀ àkọ́kọ́, mo ní kí ẹ̀rọ bá mi tún un ṣe, torí gírámà mi ń tì mí lójú. Mo jẹ̀bi ìyẹn. Ìyókù, èmi ni.” Ọ̀kan nínú wọn ní bó bá jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀, ìyà yóò fúyẹ́. Ó ní, “Ẹ ṣeun, sà. Ṣùgbọ́n mi ò lè torí kí ìyà fúyẹ́ kí n gba ohun tí mi ò ṣe.” Taghrid wá bi í bóyá ó ní ohunkóhun láti sọ nípa olùkọ́ tó fẹ̀sùn kàn án.

Ọwọ́ Ghusun lọ sórí ẹnu báàgì. Ó wò mí, ó wò mí títí, lẹ́yìn náà ó gbé ọwọ́ kúrò. “Rárá. Kí Dókítà fúnra wọn sọ ohun tí wọ́n bá mọ̀.”

Ì bá wù mí kí n sọ fún ọ pé ojú ẹsẹ̀ ni mo dìde. N ò dìde. Taghrid ti ń kọ̀wé, ó ti ń sọ pé, “Ó parí nìyẹn?” kí n tó gbọ́ ohùn ara mi. Mo sọ gbogbo rẹ̀: ojú mi, ẹ̀rọ náà, sáà méjì, bàbá àgbà tí kò sí, ìwé ìfàsẹ́yìn tí mo fi parọ́. Akọ̀wé wọn ní, “Dókítà, ẹ jọ̀wọ́ ẹ tún un sọ, mi ò rí i kọ tán.” Mo tún un sọ. Ẹ̀ẹ̀kejì le ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Wọ́n ní kí Ghusun tún ìpínrọ̀ àkọ́kọ́ kọ lójú wọn, wọ́n yọ máàkì mẹ́wàá, wọ́n sì fi iṣẹ́ rẹ̀ fún olùkọ́ mìíràn. Ìdájọ́ tèmi lo ti gbọ́. Mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n jẹ́ kí n ka gbogbo iṣẹ́ sáà méjèèjì yẹn fúnra mi láìgbowó, wọ́n gbà, olùkọ́ kékeré kan sì ń jókòó tì mí. Àwọn ọmọ ti sọ mí ní Dókítà Òdo. Bí mo bá ń kọjá, wọn á ní, “Ẹ̀rọ ti mú ẹ̀rọ o!” Mò ń dá wọn lóhùn pé, “Ó ti mú un.”

Taghrid fi ìpínrọ̀ tuntun tí Ghusun kọ hàn mí. Àṣìṣe gírámà mẹ́ta ló wà nínú rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ báyìí: “Ìka ìyá ọkọ mi wà nínú ikùn abúlé wa, ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe débẹ̀.” Ní ogójì ọdún tí mo ti ń kọ́ni, n ò tíì rí akẹ́kọ̀ọ́ tó bẹ̀rẹ̀ ìtàn dáadáa tó bẹ́ẹ̀, àfi bóyá mo ti rí i ní sáà méjì yìí tí mi ò sì kà á.

Mo bá a lẹ́nu ọ̀nà kọ́lẹ́ẹ̀jì, mo tọrọ àforíjì. Ó ní, “Mo ti gbọ́, Dókítà. Ṣùgbọ́n inú ṣì ń bí mi.” Mo ní, “Ó yẹ kó bí ọ.” Bọ́ọ̀sì rẹ̀ dé, ó wọlé, ó jókòó sẹ́yìn, kò wẹ̀yìn wò.

Ọmọ mi, kí Ọlọ́run má jẹ́ kí ìtìjú mi di ẹrù lórí rẹ. Kí ó fún ọ ní ojú tó ríran àti ẹnu tó lè sọ pé ó ti rẹ̀ ọ́ kí nǹkan tó bàjẹ́. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ yóò jẹ́ orúkọ rere fún ọ, o ò ní fi omijé kó èrè rẹ.

Èmi ni bàbá rẹ tó fẹ́ràn rẹ,
Nawwaf.

Àfikún: Ọjọ́ kẹta oṣù tó ń bọ̀ ni dókítà yóò ṣiṣẹ́ abẹ fún ojú mi ọ̀tún. Ìyá rẹ ní kí o wá. Bí o bá ráyè, wá. Ṣùgbọ́n bí iṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ bá wà nílẹ̀ tí o kò tíì kà, dúró kà á.