Máòsì Tó Pa Fọ́tò Ìyá Mi Rẹ́

Hàbíbàt, máòsì kọ̀ǹpútà lo rí lórí tábìlì yẹn. Ọmọ odó ni mo fi fọ́ ọ.

Láàárọ̀ yìí, mo fẹ́ pa fọ́tò kan tí kò dáa rẹ́. Mo tẹ máòsì lẹ́ẹ̀kan, ó kà á sí ẹ̀ẹ̀mejì, ó sì pa fọ́tò ìyá mi rẹ́ mọ́ ọn, ọ̀kan ṣoṣo tó gbà kí wọ́n ya òun. Mo pààrọ̀ bátìrì rẹ̀, kò gbọ́. Mo gbé e lọ bá Saheed tó tà á fún wa, ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Benson. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Bàbá, ìka yín ló wúwo. Máòsì kì í ṣe ọkọ́ o." Eyín rẹ̀ méjì wà nílẹ̀ ṣọ́ọ̀bù báyìí.

Ti géètì. Bí àwọn èèyàn Saheed bá dé, o kò rí mi.

Ọ̀la ni àdúrà ọjọ́ kẹjọ ìyá mi. Wo ibi tí kọ̀ǹpútà ń kó ohun tí a bá pa rẹ́ sí. Bí o bá rí ìyá mi níbẹ̀, pè mí, èmi fúnra mi á gbé Saheed lọ sí ọsibítù. Bí o kò bá rí i, má pè mí. Màá kọ́kọ́ padà sí Benson kí n tó wálé.

Bàbá rẹ