Àníkẹ́ Kò Ní Kúnlẹ̀

Ẹ kú ilé o, ìyá mi. Ẹ kú àtijọ́, ẹ kú àárò wa. Láti Dansoman ní Accra, ilẹ̀ Ghana níhìn-ín, ni mo ti kúnlẹ̀ kí yín, ìkúnlẹ̀ ọmọ sí ìyá rẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ìkúnlẹ̀ yìí sọ́kàn, nítorí pé orí rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ mi dá lé. Mo kí Ẹ̀gbọ́n Làtífù, mo kí ìyàwó wọn àti àwọn ọmọ. Mo kí àwọn ìyá tó kù ní agbo ilé wa ní Ìnísà, àwọn tí wọ́n pọ̀n mí kí n tó mọ̀ ọ́n rìn. Oògùn ẹsẹ̀ yín ti wà lọ́nà, ẹni tó ń bọ̀ wálé lọ́sẹ̀ yìí ni mo fi rán.

Ẹ mọ̀ mí, ọ̀rọ̀ kì í tètè jáde lẹ́nu mi. Ohun tó bá ń dùn mí, inú ìwé ìrántí mi ni mo máa ń kọ ọ́ sí, ibẹ̀ náà ló sì máa ń wà. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ọmọ mi ti di ohun tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ láti orí fóònù kan sí òmíràn, láti Accra títí dé Ìnísà, ìdajì rẹ̀ ni gbogbo ayé sì ń gbọ́. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí wọ́n tẹ lẹ́tà yìí jáde ní gbangba, kí ẹni tó gbọ́ ìdajì àkọ́kọ́ lè rí èyí tó kù kà.

Mo gbọ́ ohùn tí ẹ fi ránṣẹ́ lọ́jọ́ Jímọ̀. Ẹ ní kí Àníkẹ́ bá àwọn àgbà lọ, kí ó kúnlẹ̀ fún àwọn ọmọkùnrin náà, kí ọ̀rọ̀ ó tán. Ẹ ní, “Ìkúnlẹ̀ kì í pa obìnrin, Rámọ́tù.” Inú bí mi, Màmá. Ẹ má bínú pé mo sọ bẹ́ẹ̀. Kì í ṣe ẹ̀yin ni mo ń bínú sí, ẹni tó gé ọ̀rọ̀ sí méjì kó tó gbé e wá bá yín ni. Ẹ̀gbọ́n mi sọ fún yín pé ọmọ-ọmọ yín bọ́ sáàárín ọkùnrin, ó ń kọrin ìbàjẹ́. Wọn kò sọ fún yín ohun tí àwọn ọkùnrin náà kọ́kọ́ kọ. Wọn kò sì sọ irú orin tí Àníkẹ́ fi dá wọn lóhùn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bí ó ti ṣẹlẹ̀. Ní ilé-ẹ̀kọ́ tí Àníkẹ́ wà, bí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bá ń figagbága nínú bọ́ọ̀lù, orin ni wọ́n fi ń ti ara wọn lẹ́yìn. Jama ni wọ́n ń pè é níbí. Ẹnì kan á dá a, àwọn yòókù á gbè é, ìlù àti agogo á máa dún. Ó máa ń dùn, n kò ní purọ́. Ṣùgbọ́n ọkùnrin ló máa ń dá a. Obìnrin lè gbè, obìnrin lè jó, wọ́n sì lè fi obìnrin ṣe ọ̀rọ̀ orin. Kí obìnrin dá orin ni wọn kò fẹ́. Èyí tí àwọn ọmọkùnrin ilé ìgbé kan ń kọ, n kò lè kọ ọ́ sínú lẹ́tà sí ìyá mi. Ìdí obìnrin ni, ọyàn obìnrin ni, àti ohun tí wọn yóò fi wọ́n ṣe. Àgbàlagbà á jókòó síbẹ̀, á máa rẹ́rìn-ín, á ní eré ọmọ ilé-ìwé ni.

Ní sáà yìí, wọ́n fi orúkọ ènìyàn sí i. Ọmọbìnrin ẹ̀yà Ewe kan wà, ọmọ jẹ́jẹ́, òun àti Àníkẹ́ ló jọ ń gbé yàrá kan. Ọ̀kan nínú àwọn olórí ilé àwọn ọmọkùnrin yẹn ní òun fẹ́ ẹ, ọmọbìnrin náà ní òun kò fẹ́. N kò ní kọ orúkọ rẹ̀ síhìn-ín, wọ́n ti gbé e káàkiri tó. Lọ́jọ́ ìdíje, wọ́n dá orin, wọ́n pe orúkọ rẹ̀, wọ́n so ó mọ́ ohun tí a kì í pè lójú ọmọdé, gbogbo pápá sì gbè é. Láti ọjọ́ náà, bí ó bá ti wọ kíláàsì, wọ́n á máa fi ìka lu tábìlì bí wọ́n ti ń lu ìlù orin náà. Wọn kò ní sọ ohunkóhun. Ìlù lásán, Màmá, orúkọ rẹ̀ á sì máa dún nínú rẹ̀. Ó dẹ́kun lílọ sí kíláàsì. Orí bẹ́ẹ̀dì ló ti ń mu gaàrí, ó sì ti di ẹrù rẹ̀ láti padà sílé.

Nígbà tí ìdíje mìíràn dé, tí wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ orin yẹn, Àníkẹ́ gba agogo lọ́wọ́ ẹni tó ń lù ú, ó gun orí bẹ́ǹṣì, ó sì dá tirẹ̀. Yorùbá ni ó fi kọ ọ́. Ẹ mọ Yorùbá rẹ̀, ó ń gbọ́ ju bí ó ti ń sọ lọ, bí ó bá sì ń sọ ọ́, Twi, èdè ibí, á gba àárín rẹ̀ kọjá. Ṣùgbọ́n orin náà kò lábàwọ́n lẹ́nu rẹ̀. Àwọn ọmọbìnrin Ga, ti Ewe, ti Dagomba gbè é pẹ̀lú ohùn tí kò tọ́ sọ́nà rárá. Wọn kò mọ ìtumọ̀ rẹ̀, wọ́n mọ ẹni tí wọ́n ń kọ ọ́ fún. Orin àwọn ọkùnrin náà sì rì.

Láti ìgbà yẹn ni àwọn olórí ilé ọmọkùnrin ti ní ó bú ilé àwọn. Wọ́n ní kí ó wá kúnlẹ̀ níwájú gbogbo wọn, kí ó gbé páálí mọ́ọ̀tì mímu kan dání fún ẹ̀bẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kò ní kọrin mọ́ níbi àpéjọ akẹ́kọ̀ọ́ kankan. Ẹnì kan ti ya fídíò orin Àníkẹ́, ó dé ọ̀dọ̀ ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa níbí, Alága ẹgbẹ́ sì pè wá sí ìpàdé ní àdúgbò Darkuman. Wọ́n ní, “Àlejò ni wá. Ọmọ àlejò kì í kọrin bú onílé.” Wọ́n ní àwọn yóò fúnra àwọn mú Àníkẹ́ lọ bẹ̀bẹ̀, kí wọ́n má baà máa sọ pé aláìlẹ́kọ̀ọ́ ni ọmọ Alata, bí wọ́n ti ń pe àwa Yorùbá níbí.

Ọ̀rọ̀ Alága kì í ṣe ọ̀rọ̀ òmùgọ̀. Ọmọdé ni wọ́n nígbà tí ìjọba ayé ọjọ́un lé àwọn ènìyàn wa kúrò ní ìlú yìí, tí bàbá wọn fi ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀ tọjàtọjà. Ẹ̀rù yẹn kò tíì kúrò lára wọn, n kò sì lè fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ṣùgbọ́n ta ni onílé tí a bú? Ọmọ Ghana ni ọmọbìnrin tí wọ́n ba orúkọ rẹ̀ jẹ́. Ọmọ Ghana ni àwọn tó gbè orin. Mo bi Alága pé bó bá jẹ́ orúkọ ọmọ tiwọn ni wọ́n fi kọrin ńkọ́. Wọ́n ní ọmọ tiwọn kò lè ṣe ohun tí wọn yóò fi fi orúkọ rẹ̀ kọrin. Èsì mi nìyí: gbogbo ohun tí ọmọ yẹn ṣe ni pé ó ní rárá.

Nígbà tí à ń padà bọ̀ nínú tòrotòro, bọ́ọ̀sì akérò ibí, Bàbá Àníkẹ́ wo ojú fèrèsé títí a fi fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ilé. Wọ́n wá ní àwọn kò lè dojú kọ ẹgbẹ́. Pé nígbà tí Màmá ní Ìnísà bá ti fọwọ́ sí i, kí ni èmi tún fẹ́ sọ? Ẹ rí i báyìí, ìyá mi. Ọ̀rọ̀ yín ni gbogbo wọn gbé lọ́wọ́ bí ọ̀pá. Lọ́jọ́ Àìkú tó ń bọ̀ ni ìpàdé tí wọn yóò ti mú un lọ.

Ẹ ó ní kí ló dé tí èyí fi ká mi lára tó báyìí. Ooru ń mú níbí, iná mànàmáná sì ń ṣe ségesège, nítorí náà iṣẹ́ pọ̀ fún mi lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta ẹja yìnyín. Ilé-ẹ̀kọ́ gbogboǹṣe ni mo ti kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ amúnǹkandì, títún fírísà ṣe, ẹ̀yin náà sì wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí mo gba ìwé ẹ̀rí. Síbẹ̀, bí mo bá gbé àpótí irinṣẹ́ mi dé, wọ́n á wo ẹ̀yìn mi, wọ́n á ní fítà náà, ọkùnrin tó máa tún ẹ̀rọ ṣe, dà? Láìpẹ́ yìí, ọkùnrin kan di iná tọ́ọ̀ṣì mú fún mi títí mo fi tún ẹ̀rọ rẹ̀ ṣe tán. Ó wá pe ọkọ mi lórí fóònù, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn fún iṣẹ́ rere. Ọkọ mi, tó ń ta táyà ní Darkuman, tí kò mọ èwo ni kọ́ńpẹ́ṣọ̀ lára fírísà. Mo rẹ́rìn-ín sí i lọ́jọ́ náà. Ẹ̀rín yẹn ni mo ti ń rín láti ìgbà tí mo ti dé ìlú yìí, ó sì ti sú mi. N kò fẹ́ kí Àníkẹ́ kọ́ ọ.

Ohun tó tún dùn mí ni pé n kò rí obìnrin kan jókòó tì. Ká ní Ìnísà ni, pálọ̀ mi ì bá ti kún fún àwọn ìyá. Níbí, àwọn ìyàwó ọmọ ẹgbẹ́ ní àwọn ń gbọ́ ohun tí ọkọ àwọn bá wí.

Ìyẹn ló mú mi rántí àfẹ̀mọ́júmọ́ kan lágboolé wa. Bàbá onírin gbá ìyàwó wọn létí, ojú rẹ̀ wú. Kí ilẹ̀ tó mọ́, gbogbo ìyàwó ilé ti dúró sẹ́nu ọ̀nà wọn. Wọ́n fi odó sílẹ̀, wọn kò dáná, orin ni wọ́n ń kọ:

Ọwọ́ tó gbá wa létí, kó gbálẹ̀,
Ẹnu tó bú wa, kó fẹ́ná.
Ẹnìkan ò ní jẹun nílé yìí o,
Àfi kó pe orúkọ tí bàbá wa sọ wá.

Bàbá onírin jáde pẹ̀lú obì lọ́wọ́, wọ́n pe ìyàwó wọn ní orúkọ rẹ̀, tòun ti oríkì, lójú gbogbo ilé. Ẹnikẹ́ni kò sọ pé orin ìbàjẹ́ ni. Ẹnikẹ́ni kò ní kí ẹni tó dá orin lọ kúnlẹ̀. Ẹ bi Ẹ̀gbọ́n Làtífù bóyá wọ́n rántí ta ni ọmọkùnrin tó ń fi ṣíbí lu abọ́ irin fún wọn títí abọ́ náà fi tẹ̀. Ẹ̀yin náà kò sì ní gbàgbé ẹni tó dá orin náà, ìyá mi.

Orin yín ni Àníkẹ́ kọ. Nígbà tí ẹ wá wẹ ọmọ fún mi nígbà tí mo bí àbúrò rẹ̀, ẹ ń kọ ọ́ létí àwo ìwẹ̀, ẹ sì rò pé Àníkẹ́ kàn ń ṣeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín ni. Mo bi í pé báwo ló ṣe rántí. Ó ní, pẹ̀lú Twi rẹ̀ láàárín, “Maa, Màmá àgbà ní tí ẹnìkan bá ba orúkọ èèyàn jẹ́, ká wá ẹni tó máa pè é dáadáa paa.” Nígbà tí ó dé ìlà tó kẹ́yìn lórí bẹ́ǹṣì yẹn, orúkọ ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló fi sí i, ti bàbá àti ti ìyá, ó pè é tán pátápátá. Ọmọ náà ti tú ẹrù rẹ̀. Ó ti padà sí kíláàsì.

Nítorí náà, bí orin yẹn bá jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀, ẹ sọ fún mi pé ẹ̀ṣẹ̀ ni ẹ̀yin náà dá lẹ́nu ọ̀nà Bàbá onírin. Bí kò bá sì jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀, ẹ gba ọ̀rọ̀ yín padà lọ́wọ́ wọn. Ẹ ní kí wọ́n bá yín gba ohùn yín sórí fóònù, kí ẹ kọ orin náà bí ẹ ti ń kọ ọ́ láyé ọjọ́un, kí n gbé e dé ìpàdé, kí Alága fetí ara wọn gbọ́ ẹni tí wọn yóò mú lọ bẹ̀bẹ̀. Bí ó dé, bí kò dé, Àníkẹ́ kò ní kúnlẹ̀ fún wọn. Ṣùgbọ́n ó wù mí kí ó dé.

Kí Ọlọ́run jẹ́ kí ẹ pẹ́ fún wa nínú àlàáfíà, kí ẹsẹ̀ yín mókun, kí ẹ fojú rí èrè gbogbo ohun tí ẹ gbìn sínú wa. Ẹ bá mi kí gbogbo ilé, àtàgbà àtọmọdé. Àníkẹ́ gbọ́ pé mò ń kọ̀wé sí yín, ó ní òun náà fẹ́ kí yín, ó sì gba fóònù mi láti fi ohùn ránṣẹ́. Ẹ ó gbọ́ ohùn rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ kò ní rí i. Orí eékún méjèèjì ló wà nígbà tó ń kí yín. Ẹnikẹ́ni kò ní kó ṣe bẹ́ẹ̀.

Èmi ni ọmọ yín,
Rámọ́tù, ìyá Àníkẹ́.