Ẹja Onírùngbọ̀n Kọ Kùkúmbà

Lhotka,
Ọjọ́ kejìlá, oṣù Kejìlá.

Radka ọmọ mi ọ̀wọ́n,

O kú òtútù ní Prague o. Kí Ọlọ́run tó ń ṣọ́ ilé wa bá wa ṣọ́ ilé tí o háyà náà, kí onílé má fowó lé e, kí ẹsẹ̀ rẹ má yọ̀ lórí yìnyín. Bí o bá bèèrè wa, ara wa le, àyàfi orúnkún bàbá rẹ tó ti ń sọ̀rọ̀ yìnyín kí rédíò tó sọ ọ́, àti èmi tí oorun ti kọ̀ sílẹ̀. Láti ìgbà tí mo ti mú gègé yìí, mo ti dìde lọ wo àpótí gíláàsì ẹja, mo padà, mo tún dìde. Jẹ́ kí n sọ ohun tó ń lé mi kiri fún ọ.

Orí fóònù lọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀. O kọ̀wé ránṣẹ́ pé iṣẹ́ hòtẹ́ẹ̀lì kò ní jẹ́ kí o wá sílé lálẹ́ àìsùn Kérésì, o wá fi orí yẹ́lò kékeré kan tó fajú ro tì í. Bàbá rẹ wò ó títí, ó ní ibà pọ́njú ni, pé ọmọ yìí ń ṣàìsàn, kò kàn fẹ́ ká mọ̀ ni. Èmi ní ẹ̀dọ̀ ni. Nítorí náà mo ti fi ọ̀rá pẹ́pẹ́yẹ ìgò kan ránṣẹ́, máa fi pa búrẹ́dì láàárọ̀, má sì fẹnu kan ẹyin títí ojú rẹ yóò fi mọ́.

Mo sọ fún Hedvika aládùúgbò wa, tó ń bá wa jẹun alẹ́ àìsùn láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti kú. Dípò kó bá mi kẹ́dùn, ìka ló bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Ó ní, Ìyá Radka, ìwọ, ọkọ rẹ, èmi, mẹ́ta nìyẹn, ṣé ẹ fẹ́ pa mí ni? Ìwọ náà mọ̀, Radka, pé iye tí kò ṣe é pín sí méjì kì í jókòó ti tábìlì lálẹ́ ọjọ́ yẹn, torí ọ̀kan nínú wọn kì í rí ti ọdún tó ń bọ̀. Bí wọ́n ṣe jókòó ní márùn-ún nílé Hedvika lọ́dún tí ọkọ rẹ̀ lọ nìyẹn. Ó ní òun kò tíì múra àtikú, òun ṣẹ̀ṣẹ̀ kun ilé ìdáná òun ni.

Bàbá rẹ ló ní ṣebí ẹja Radka wà ńbẹ̀. Onírùngbọ̀n tí o gbé fún wa nítorí pé onílé rẹ kò gba ẹran ọ̀sìn, ó ní ẹlẹ́mìí lòun náà, inú ilé wa ló ń gbé, oúnjẹ wa ló ń jẹ. Ká gbé àpótí rẹ̀ sún mọ́ tábìlì, a di mẹ́rin. Inú mi dùn. Ṣùgbọ́n Hedvika rán an létí ohun tó fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe: lóṣù Kẹwàá ló lọ sí ọjà ẹja nígboro, tó ra ìyàwó fún onírùngbọ̀n, tó ní kò dáa kí ẹnikẹ́ni máa dá gbé nísàlẹ̀ omi. Mẹ́rin tún di márùn-ún. Bàbá rẹ ní tọkọtaya, ara kan ni wọ́n, ẹnu àlùfáà lòun ti gbọ́ ọ. Hedvika ní bó bá rí bẹ́ẹ̀, ìwọ àti Jarmila ìyàwó rẹ náà ara kan ni yín, tún un kà. Ó tún un kà. Mẹ́ta. Bàbá rẹ gbé ọtí èso rẹ̀ mu. Nígbẹ̀yìn, a fẹnu kò pé ìyàwó ẹja yóò wà nínú garawa nílé Hedvika lálẹ́ ọjọ́ náà, kí ọkọ bá wa jókòó.

O rí i báyìí pé ẹja yẹn kò gbọdọ̀ kú. Mo wá ń bọ́ ọ bí ẹni ń bọ́ àna. Gbogbo bí o ṣe ní ká máa ṣe é náà ni mo ń ṣe é: mo ń gé kùkúmbà, mo ń rì í bọ omi gbígbóná kó lè rọ̀, n kì í fi iyọ̀ sí i, mo ń gún fọ́ọ̀kì mọ́ ọn lára kó lè fi ìwúwo rẹ̀ rì dé ìsàlẹ̀ fún wọn torí wọn kì í gòkè wá jẹun, bílẹ̀ bá sì ti mọ́, màá yọ àjẹkù kó tó ba omi jẹ́. Fọ́ọ̀kì tìrẹ ni mo ń lò, èyí tí wọ́n fín orúkọ rẹ sí, torí kò sẹ́ni tó ń fi jẹun.

Àfi bí onírùngbọ̀n ṣe wọ inú ìkòkò amọ̀ tó wà nísàlẹ̀ àpótí lọ́jọ́ kan tí kò jáde mọ́. Mo fún un ní kùkúmbà, kò wá. Mo fún un ní elégédé, kò wá. Mo bó ẹ̀wà tútù lọ́kọ̀ọ̀kan, mo bẹ kárọ́ọ̀tì, mo mú ewé kábéèjì tó tutù jù nínú ilé, ìyàwó rẹ̀ ló ń jẹ gbogbo rẹ̀ kiri. Mo ní kí n bi fóònù léèrè. Fóònù ní kí n kọ́kọ́ fi hàn pé ènìyàn ni mí, pé kí n tọ́ka sí àwòrán tí iná ojú pópó wà. Mo sọ òtítọ́ fún un pé kò sí iná ojú pópó ní Lhotka, kó bi ẹnikẹ́ni. Àwòrán mìíràn ló tún gbé wá. Hedvika ní bóyá ó ń gbààwẹ̀ kó lè rí ẹlẹ́dẹ̀ oníwúrà, bí a ṣe máa ń sọ fún àwọn ọmọdé pé ẹni tó bá gbààwẹ̀ lọ́jọ́ àìsùn Kérésì yóò rí i. Mo ní ọjọ́ kan péré ni ààwẹ̀ yẹn, tiẹ̀ ti pọ̀ jù.

Má bínú sí mi, mo gbé kùkúmbà inú fínígà fún un. Bí ọkùnrin ilé yìí bá kọ oúnjẹ, òun náà ni mo máa ń gbé fún un, ó sì máa ń jẹ ẹ́. Bàbá rẹ rí i, ó ki ọwọ́ bọ omi tòun ti ẹ̀wù, ó ní ṣé mo fẹ́ fi ẹja ọmọ òun se ọbẹ̀ ni. Ó pààrọ̀ omi, ó gbé àga síwájú àpótí, ó jókòó. Bàbá rẹ kan náà ló sọ lọ́jọ́ tí o gbé e dé pé inú ọpọ́n ìwẹ̀ tí à ń tọ́jú ẹja Kérésì sí ni àyè ẹja nínú ilé, lẹ́yìn ìyẹn inú epo. Lálẹ́ ọjọ́ kùkúmbà yìí, kò jẹun.

Láàárọ̀ ló tan tọ́ọ̀ṣì sínú ìkòkò náà, ó rọra pè mí. Ẹyin ló wà lábẹ́ ikùn onírùngbọ̀n, wọ́n pupa rẹ́súrẹ́sú, ó sì ń fi lẹbẹ fẹ́ wọn. Kò ṣàìsàn rárá. Ọkọ ló ń sàba nínú irú tiwọn, kì í jáde, kì í jẹun, ìyàwó á máa jẹ kùkúmbà kiri. Mo rẹ́rìn-ín, mo ní mo dúpẹ́ pé mo rí ọkọ gidi nínú ilé yìí kí n tó kú. Bàbá rẹ kò rẹ́rìn-ín. Ó ní nígbà tí èéyi mú Radka, òun náà kò jẹun. Òótọ́ ni, mo ti gbàgbé. Ó wá ní kò tíì sẹ́ni tó sọ fún onírùngbọ̀n yìí pé bí wọ́n bá dàgbà tán, Prague ni wọ́n ń lọ. Àánú rẹ̀ ṣe mí. Kò sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ rí láti ọjọ́ tí o ti lọ.

Àwọn ọmọ ti jáde báyìí, ojú lásán ló pọ̀ lára wọn. Bí mo bá ti gbé elégédé sílẹ̀, wọ́n á bò ó mọ́lẹ̀. Wàhálà tó wà níbẹ̀ ni pé wọn kò ṣe é kà. Hedvika ń wá pẹ̀lú gíláàsì ojú rẹ̀ láràárọ̀. Bí tirẹ̀ bá pín sí méjì, tèmi kò ní pín, bàbá rẹ á sì ní ọ̀kan ṣì wà lẹ́yìn igi inú omi. A kò lè kó wọn sí garawa, bàbá rẹ ní ẹni tó bá yà wọ́n lára bàbá wọn, òun àti onítọ̀hún ni. A kò wá mọ iye tí a jẹ́ mọ́ nínú ilé wa.

Nítorí náà, Radka, wá sílé. Bí o bá wá, ènìyàn mẹ́rin ni wá, ẹja á padà sí igun rẹ̀, á máa jẹ́ ẹja. Sọ fún ọ̀gá rẹ pé ẹ̀mí wà nínú ọ̀rọ̀ yìí. Bó bá bi ọ́ pé ẹ̀mí ta ni, ní ti Hedvika, torí ó ti ń pín àwo rẹ̀ bí ogún. Ṣùgbọ́n kí n má parọ́ fún ọmọ mi, kì í ṣe ikú ló ń dẹ́rù bà mí tó bẹ́ẹ̀. Àga rẹ tó ṣófo ni.

A nílò owó díẹ̀ pẹ̀lú, torí ẹ̀rọ tó ń mú omi wọn gbóná ń jẹ iná bí nǹkan mìíràn. Má fi sí báńkì o. Nígbà tí o fi èyí tó kọjá síbẹ̀, ọmọbìnrin ibẹ̀ ní owó mi ti dé, mo ní kó gbé e jáde kí n kan fojú rí i kí n sì dá a padà fún un, ó ń rẹ́rìn-ín. Owó tí n kò lè fojú rí, n kò gbà á. Fi ọwọ́ ara rẹ mú un wá.

Ọlọ́run á ṣe ọ̀nà rẹ ní rere. Iṣẹ́ rẹ kò ní gba ọ̀nà ilé mọ́ ọ lọ́wọ́. Bí wọ́n bá ń ka àwọn tó wà, wọ́n á kà ọ́ mọ́ wọn, a kò sì ní dín.

Bí mo ṣe fẹ́ pa ìwé dé ni mo gbọ́ ariwo omi nílé ìdáná. Bàbá rẹ ti yọ fọ́ọ̀kì rẹ nínú àpótí ẹja, ó ti fi òkúta kékeré kan so elégédé mọ́lẹ̀ fún wọn, ó wá ń fi eérú fọ fọ́ọ̀kì náà. Mo ní kí ló dé. Ó ní kò dára kó máa rùn bí ẹja. Ó ti nù ún gbẹ, ó ti gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwo rẹ lórí tábìlì, bẹ́ẹ̀ ọdún kò tíì dé.

Èmi ni ìyá rẹ,
Jarmila.