Aago Tí Kò Sọ Àkókò: Ìtàn Ìgbésí Ayé Bàbá Ìṣẹ́jú-Kan

"Ta ló bọ́ ohun dúdú náà kúrò lọ́wọ́ wọn?" Dókítà ọpọlọ ló béèrè bẹ́ẹ̀ lórí fóònù, ní ọjọ́ kejì tí Bàbá wa dákẹ́. Gbogbo wa la wà ní pálọ̀, gbogbo wa la gbọ́.

A bí Bàbá wa ní ọdún 1950, nínú yàrá kan lẹ́yìn ilé ìlagi. Káfíńtà ni bàbá wọn, aránṣọ ni ìyá wọn, àwọn sì ni àbíkẹ́yìn ọmọ márùn-ún. Ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, wọ́n tú aago tíṣà wọn palẹ̀. Wọ́n jẹ ẹgba mẹ́fà, wọ́n sì tò ó padà kí agogo ìsinmi tó lù.

Ní 1963 wọ́n wọ iṣẹ́ atúnaagoṣe. Ní 1971 wọ́n ṣí ṣọ́ọ̀bù tiwọn sí yàrá iwájú ilé tí a ń gbé títí dòní. Òfin méjì ni wọ́n fi ṣiṣẹ́. Wọn kì í fi aago oníbàárà sọ́wọ́ ara wọn. Iṣẹ́ tó bá sì ti parí, ìṣó ògiri ọwọ́ ọ̀tún ni wọ́n ń fi í kọ́ sí pẹ̀lú ìwé pélébé, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án àfi ẹni tó ni ín. Kò sí ọmọ kankan nínú ilé wa tí kò tíì gba ìfọ́tí nítorí ògiri yẹn.

Ní 1974 ni wọ́n fẹ́ Màmá wa. Màmá gbé aago ìyá wọn wá fún àtúnṣe, Bàbá ní, "Ẹ fún mi ní ìṣẹ́jú kan." Ìṣẹ́jú náà gba ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, Màmá sì ń pààrà ṣọ́ọ̀bù. Ibẹ̀ ni orúkọ Bàbá Ìṣẹ́jú-Kan ti wá.

Olùfọkànsìn ni Bàbá. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni wọ́n fi tọ́jú aago ilé ìjọsìn wa láìgba kọ́bọ̀. Màmá a máa ní òun kọ́ ni ìyàwó àkọ́kọ́, aago ìjọ ni.

Láti 2011 ni oorun Bàbá ti di ìjà. Wọ́n ń tàpá, wọ́n ń ju ẹ̀ṣẹ́ lójú oorun, Màmá fi ìrọ̀rí mẹ́ta pààlà sáàárín ibùsùn. Ní 2018, ọwọ́ ọ̀tún wọn bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, ẹ̀mú kékeré tí wọ́n fi ń mú irin aago kò dúró ní ìka wọn mọ́.

Lọ́dún yìí ni àkọ́bí wọn obìnrin, tí òun náà jẹ́ aránṣọ, já bọ́ lórí ibùsùn lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní òun ń lé ajá kan lójú àlá. Bàbá gbọ́, oúnjẹ ọjọ́ náà kò wọlé fún wọn: bí tiwọn náà ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Dókítà ọpọlọ tó ń tọ́jú Bàbá fún bàbá àti ọmọ ní ohun dúdú kọ̀ọ̀kan tó rí bí aago ọwọ́, tí kò ní ojú, tó ń ka gbogbo bí ọwọ́ bá ti ń mira, lójú oorun àti lójú ayé. Ọjọ́ mẹ́rìnlá ni kí wọ́n fi wọ̀ ọ́. Ó ní ohun náà nìkan kò lè dájọ́ àìsàn, ṣùgbọ́n bí òun bá gbé ti àwọn méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, òun á mọ ibi tí òun á ti bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú ọmọ.

Bàbá yí ti wọn sọ́tùn-ún sósì. "Aago tí kò sọ àkókò, kí ló wá ṣe lọ́wọ́ èèyàn? Ti oníbàárà sì tún ni."

Ọmọ wọn kúnlẹ̀. "Ẹ bá mi wọ̀ ọ́, Bàbá. Tèmi nìkan ò lè sọ tán."

Wọ́n na ọwọ́.

Ní ọjọ́ kẹtàdínlógún sí ìgbà tí wọ́n wọ̀ ọ́, lórí àga wọn, ọkàn Bàbá dúró. Ọrùn ọwọ́ wọn ṣófo, a kò sì rí ohun dúdú náà. A gbọn ibùsùn, a tú àpò aṣọ, a da ìdọ̀tí ilé sílẹ̀ a sì ṣà á. Ọkọ àkọ́bí kọjú sí àbíkẹ́yìn wa: "Ìwọ lo wà lọ́dọ̀ wọn kẹ́yìn." Àbíkẹ́yìn jáde, kò bá wa jẹun fún ọjọ́ méjì. Màmá ló wá sọ èyí tó ń já gbogbo wa láyà: "Bóyá wọ́n tiẹ̀ ti bọ́ ọ láti ọjọ́ kìíní." Àkọ́bí fi ọwọ́ òsì di ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ mú.

Bàbá fi ìyàwó sáyé, ọmọ mẹ́rin, ọmọ-ọmọ mẹ́sàn-án, ẹ̀gbọ́n obìnrin kan, àti àwọn oníbàárà tí ìṣẹ́jú wọn kò tíì pé.

Ìwé ètò ìsìnkú yìí ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ọ̀dọ̀ atẹ̀wé kí a tó wo àwòrán iwájú rẹ̀ dáadáa. Àkọ́bí ló yà á nínú ṣọ́ọ̀bù, ní ọjọ́ méjì ṣáájú ikú wọn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ ṣí i padà. Ẹ wo ògiri ọwọ́ ọ̀tún, ìṣó kẹta láti òkè, lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí wọn: ohun dúdú kan tí kò lójú. Ọjọ́ mẹ́sàn-án la fi ń kọjá níwájú rẹ̀, torí pé kò sẹ́ni tó ń fọwọ́ kan ògiri yẹn nínú wa. Ìwé pélébé wà lára rẹ̀, lẹ́tà rẹ̀ ń gbọ̀n: "Ti dókítà. Ọjọ́ mẹ́rìnlá pé géérégé. Iṣẹ́ ti parí. Kó tètè wá gbà á, ọmọ mi ń dúró."

Ẹ sùn re, Bàbá Ìṣẹ́jú-Kan, kí ọwọ́ yín sinmi. Oníbàárà ti wá gbà á.