Mo Gbé Oúnjẹ fún Àbúrò Ṣáájú Ẹ̀gbọ́n

Bàbá mi àtàtà,

Ọ̀rọ̀ tí mo ti ń sá fún ni mo fẹ́ sọ yìí: àwọn àlejò yín, àwọn òyìnbó tí ẹ ń kọ́ ní Yorùbá, kò wá mọ́. Ọjọ́ Àìkú mẹ́ta rèé tí pálọ̀ wa ní Bẹyẹrúnká dákẹ́ rọ́rọ́. Èmi ni mo fà á.

Ṣé ẹ rántí bí ẹ ṣe tò wọ́n? Àǹtí Àbẹ̀kẹ́, ará Faransé, ló kọ́kọ́ wọlé wa, òun lẹ̀gbọ́n. Bọ̀dá Àjàní, ará Amẹ́ríkà, ti hewú lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn rẹ̀ ló dé, àbúrò ni, gẹ́gẹ́ bí a ṣe ń ṣe é lágbo ilé. Wọ́n gbà, wọ́n ń fi ṣeré. Bọ̀dá á dọ̀bálẹ̀ gbalaja: “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú ìkàlẹ̀ o!” Àǹtí á nàka sí i: “Dìde, ọmọdé yìí!” Ẹ̀yin á rẹ́rìn-ín títí ẹ ó fi húkọ́. Yorùbá tí ẹ kọ́ wọn nìkan ni wọ́n ń bá ara wọn sọ, àwọn ará wọn tí wọ́n ń mú wá náà sì ti ń gbọ́ ọ díẹ̀díẹ̀.

Lọ́jọ́ tí wọ́n wá kẹ́yìn, ara ọmọ mi ń gbóná, ó ń ké lẹ́yìn mi, ọkàn mi ò sí nílé. Ewú orí Bọ̀dá ni mo rí, mo gbé mọ́ínmọ́ín síwájú rẹ̀ ṣáájú. Òun náà ò rò ó, ó ti ń jẹ. Àǹtí wo abọ́, ó wò mí.

“Ṣé torí Bàbá ò sí mọ́ ni?”

Ó gbé báàgì rẹ̀, àwọn ará Faransé tẹ̀ lé e. “Torí mọ́ínmọ́ín!” ni Bọ̀dá ń pariwo bí òun àtàwọn ará Amẹ́ríkà ṣe ń jáde.

Bàbá, Àǹtí ti di ará Ìbàdàn jù wá lọ, ipò ẹ̀gbọ́n kì í ṣe eré lójú rẹ̀ mọ́. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti dé géètì rẹ̀ l'Ókè-Àdó, tí mo padà. Láàárọ̀ míì mo ṣì ń po tíì yín kí n tó rántí. Tí mo bá kúnlẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n, ṣé àbúrò ò ní rò pé òun ni mo dá lẹ́bi? Tí mo bá pè wọ́n pọ̀, ta ni yóò jókòó sáàárín wọn?

Wọ́n ní Àǹtí ti ń di ẹrù, ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ló ń padà sí ilẹ̀ Faransé. N ó pọn ọmọ lọ bá a nílé rẹ̀ ní Sátidé. Ohun tí n ó sọ ni mi ò mọ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá mi lóhùn kó tó di Sátidé.

Èmi ni,
ọmọ yín tí àárò yín ń sọ.