Mo Parọ́ Lórí Iye Èèyàn Tó Gbé Ìlú Wa Láyé Àtijọ́

Ẹ̀yin èèyàn mi lórí page yìí, ó ti rẹ̀ mí. Mo parọ́ nínú project mi, irọ́ náà sì ti wá di ohun tí gbogbo ìlú fẹ́ pàtẹ́wọ́ fún. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á dé ìsàlẹ̀ kí ẹ tó bú mi.

Festac ni wọ́n bí mi sí, àmọ́ bàbá mi ò jẹ́ kí n gbàgbé ìlú wọn. Bíríkìlà ni wọ́n, wọ́n ti kọ́lé káàkiri Amuwo títí ẹ̀yìn fi ń dùn wọ́n. Láti kékeré ni wọ́n ti ń sọ fún mi pé láyé àtijọ́ kò sí ìlú tó tó tiwa, pé abúlé lásán ni ìlú tó wà ní òdìkejì odò. Ohun tó gbé mi dé ìdí archaeology nìyẹn... Ní final year mo lọ sí ahoro ibi tí ìlú wa wà láyé àtijọ́, mo fi okùn wọn ìpìlẹ̀ yàrá, mo ka gbogbo wọn, ó wá ku kí n sọ iye ẹni tó lè sùn nínú yàrá kan, kí n fi ìyẹn ṣírò iye ará ìlú. Àwọn yàrá náà kéré, ẹni méjì ló yẹ kí n kọ. Àmọ́ ẹnì kan ti ṣírò ti òdìkejì odò ṣáájú mi, méjì yẹn ò jẹ́ ká bá wọn dọ́gba rárá. Mo ṣe é lẹ́ẹ̀mẹta. Mo rò ó pé báwo ni mo ṣe máa wo ojú bàbá mi... ni mo bá kọ márùn-ún. Supervisor mi ò bi mí ní nǹkan kan. Mo gba A.

Bàbá mi gbé project náà lọ sí meeting àwọn ọmọ ìlú wa ní àdúgbò Raji Rasaki, wọ́n ti tẹ iye náà sínú almanac, wọ́n tún fẹ́ fi kọ̀wé sí ìjọba pé kí wọ́n gbé adé ọba wa ga ju ti òdìkejì odò lọ. Saturday yìí, èmi ni màá kà á níwájú kábíyèsí. Àwọn ará fellowship mi ní kí n wá jẹ́rìí, mo kàn ń rẹ́rìn-ín ni. Mi ò rí oúnjẹ jẹ dáadáa mọ́.

Láàárọ̀ àná, bàbá mi ní kí n mú notebook tí mo kọ ìwọ̀n àwọn yàrá sí wá. Wọ́n fi ṣọ́ọ̀kì fa yàrá kan sílẹ̀ nínú pálọ̀ wa, bó ṣe tóbi gan-an nínú notebook. Wọ́n dùbúlẹ̀ sínú ẹ̀, wọ́n ní kí màmá mi wá dùbúlẹ̀ tì wọ́n, àyè tán. Wọ́n pẹ́ nílẹ̀ níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n dìde, wọ́n nu ṣọ́ọ̀kì yẹn kúrò, wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ sí í fi áyọ́ọ̀nù lọ agbádá tí wọ́n máa wọ̀ ní Saturday.

Ṣé wọ́n ti mọ̀ ni? Tí wọ́n bá ti mọ̀, ṣé wọ́n fẹ́ kí n dákẹ́ ni, àbí wọ́n ń dúró kí n fẹnu ara mi sọ ọ́? Mo lè dójú ti ara mi, ìyẹn ò le. Ṣé kí n wá dójú ti bàbá mi níwájú kábíyèsí wọn? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti bímọ, ẹ dá mi lóhùn, tó bá jẹ́ ẹ̀yin lẹ dùbúlẹ̀ sínú yàrá yẹn, kí lẹ máa fẹ́ kí ọmọ yín kà?